Yíya Nẹ́búlà Agbémọ́lẹ̀yọ Láti Inú Awò Awọ̀nàjíjìn: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Sábà Máa Ń Bi Mí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò Ìràwọ̀ Méje pẹ̀lú aṣọ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n lára, mo rò pé ẹni tó yà á ló fi ọwọ́ kùn ún. Kò kùn ún. Aṣọ yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kámẹ́rà àti sùúrù lè yà á. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi awò wo òṣùpá àti ìràwọ̀, tó wá fẹ́ ya ohun tí ojú lásán kò ká, ni mo kọ àwọn ìdáhùn yìí fún.

Kí ni nẹ́búlà agbémọ́lẹ̀yọ gan-an?

Nẹ́búlà ni ìkùukùu ńláńlá tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Gáàsì àti eruku ló para pọ̀ di í. Oríṣi kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀: ìràwọ̀ tó gbóná gan-an máa ń wà nítòsí rẹ̀, agbára tó ń ti ara ìràwọ̀ náà jáde á sì mú kí gáàsì háídrójìn máa tàn pupa. Èyí tí à ń sọ níbí yàtọ̀. Nẹ́búlà agbémọ́lẹ̀yọ kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Eruku inú rẹ̀, tó kéré fíìfíì ju eruku inú ilé wa lọ, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tó wà nítòsí, tó sì ń fọ́n ọn káàkiri, bí eruku inú yàrá ṣe máa ń hàn kedere nígbà tí ìtànṣán oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa fíltà, iná ìlú àti òṣùpá ti wá. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́ yà, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lásán ni. Ó kàn kọ́kọ́ kọ lu eruku kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ àyálò ni?

Onímọ̀ ìràwọ̀ Vesto Slipher ló fi hàn ní 1912, ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lowell ní Flagstaff, ìpínlẹ̀ Arizona. Ó tú ìmọ́lẹ̀ nẹ́búlà tó wà lára Merope, ọ̀kan nínú Ìràwọ̀ Méje, palẹ̀ sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ká ní gáàsì ló ń tàn ni, ìlà mélòó kan tó mọ́lẹ̀ yòò ni ì bá rí. Ohun tó rí ni àwọ̀ tó ń bá ara wọn lọ láìdá, pẹ̀lú àwọn ìlà dúdú kan náà tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ Merope fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí: ìmọ́lẹ̀ Merope ni nẹ́búlà náà gbé wọ̀.

Ní 1922, onímọ̀ ìràwọ̀ Edwin Hubble fi hàn pé irú ìràwọ̀ tó wà nítòsí ló ń pinnu irú nẹ́búlà tí a óò rí. Tí ojú ìràwọ̀ náà bá gbóná ju nǹkan bí 25,000 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná Kelvin lọ, gáàsì á máa tàn fúnra rẹ̀. Tí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, eruku tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ yọ nìkan ló máa hàn. Àwọn ibì kan wà tí méjèèjì ti wà pa pọ̀. Nẹ́búlà Trifid, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ M20, ní apá pupa àti apá búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fọ́tò kan ṣoṣo sì gbà wọ́n.

Kí ló fà á tó fi máa ń jẹ́ búlúù?

Hóró eruku yìí kéré débi pé ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù ká ju pupa lọ. Ìdí tó jọ èyí ló mú kí ojú ọ̀run ọ̀sán jẹ́ búlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń ṣe é nínú afẹ́fẹ́ kéré ju eruku nẹ́búlà lọ fíìfíì. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó ń tàn sí irú nẹ́búlà bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ búlúù tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ búlúù. Antares jẹ́ ìràwọ̀ pupa, eruku tó yí i ká sì máa ń jáde ní àwọ̀ ìyeyè tó ń lọ sí ti ọsàn. Nítòsí rẹ̀ gan-an ni ìràwọ̀ Rho Ophiuchi wà, búlúù sì ni eruku tirẹ̀. Ẹ ya méjèèjì sínú fọ́tò kan, ẹ óò rí i pé àwọ̀ ìràwọ̀ ni eruku ń wọ̀.

Ṣé mo lè fi ojú rí i nínú awò kí n tó yà á?

Díẹ̀ nínú wọn. Nẹ́búlà M78 máa ń hàn nínú awò kékeré bí èéfín tó yí ìràwọ̀ méjì ká, tí ibi tí ẹ wà bá ṣókùnkùn dáadáa. Ẹ má retí àwọ̀. Ojú èèyàn kì í dá àwọ̀ mọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, eérú lásán lẹ máa rí.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìràwọ̀ Méje, tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè ní Pleiades tàbí M45. Wọ́n jìnnà sí wa tó nǹkan bí 440 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan), ojú lásán ń rí wọn, ẹ ò sì ní wá wọn kiri. Inú mi máa ń dùn láti ṣàlàyé pé eruku tó wà lára wọn kì í ṣe ìyókù ohun tí wọ́n fi bí wọn. Àwọn ìràwọ̀ náà ti tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún. Eruku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń tanná sí. Tí ẹ bá wo fọ́tò tó dára, ẹ óò rí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín nínú búlúù náà, bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Àwọn ìlà yẹn ni kí ẹ máa lépa.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni M78, nínú àgbájọ ìràwọ̀ Orion. Pierre Méchain ló rí i ní 1780. Ibi tó wà ní ọ̀run mú kó ṣeé yà láti ìhà àríwá àti gúúsù ayé. Ó kéré: kò tó ìdá mẹ́ta fífẹ̀ òṣùpá, àmọ́ eruku dúdú tó gba àárín rẹ̀ kọjá rẹwà púpọ̀.

Ẹni tó bá wà ní ìhà àríwá lè ya Iris, ìyẹn NGC 7023, nínú Cepheus. William Herschel ló rí i ní 1794. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo, HD 200775, ló wà láàárín, tí búlúù sì ṣí yí i ká bí òdòdó. Eruku aláwọ̀ ilẹ̀ tó jìnnà sí àárín rẹ̀ ṣòroó yà gan-an, torí náà ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀ tí iná ìlú bá pọ̀ níbi tí ẹ wà. Ẹni tó bá wà ní gúúsù ní NGC 6726 àti 6727 nínú Corona Australis, tó máa ń gòkè dáadáa lọ́dọ̀ wọn.

Orí Àjẹ́, IC 2118, tí Rigel ń tanná sí, wu gbogbo èèyàn. Ó gùn tó òṣùpá mẹ́fà tí wọ́n tò léra, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kéré gan-an. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kejì.

Irú awò wo ló yẹ kí n lò?

Èyí tó bá fífẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ yà mu. Tí focal length awò (ọ̀nà tó wà láti lẹ́ńsì tàbí dígí rẹ̀ dé ibi tí àwòrán ti ń para pọ̀) bá jẹ́ 400 mm, tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn apá tó ń gba ìmọ́lẹ̀, sì fẹ̀ tó 23.5 mm, ojú ọ̀run tó fẹ̀ tó dígírì 3.4 ló máa wọ inú fọ́tò. Ìràwọ̀ Méje àti gbogbo eruku wọn á rí àyè jókòó níbẹ̀. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà kan náà sẹ́yìn awò 2,000 mm, kò ní ju dígírì 0.67 lọ. Ìyẹn dára fún M78, ṣùgbọ́n apá kan péré nínú Ìràwọ̀ Méje, bí agbègbè Merope, ni ẹ máa rí.

Ẹ wo nọ́ńbà f náà, ìyẹn focal length tí a pín pẹ̀lú fífẹ̀ ojú awò. Awò f/5 ń kó ìmọ́lẹ̀ eruku jọ sórí píksẹ́lì ní ìlọ́po méjì awò f/7 tí focal length wọn bá dọ́gba, torí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Nínú iṣẹ́ yìí, ìlọ́po méjì kì í ṣe nǹkan kékeré.

Tó bá jẹ́ awò onílẹ́ńsì, ẹ yẹra fún èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò lè kó gbogbo àwọ̀ jọ sójú kan. Búlúù ló kọ́kọ́ máa ń sá lọ nínú irú awò bẹ́ẹ̀, á wá di òrùka sí ara ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, búlúù sì ni ohun tí ẹ wá yà. Awò oní-dígí kò ní ìṣòro yìí. Àgbélébùú tó máa ń fi sára ìràwọ̀ ńlá kò sì ba Ìràwọ̀ Méje jẹ́ lójú tèmi.

Awò kéékèèké tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ó lè yà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní fíltà inú tí wọ́n ṣe fún nẹ́búlà pupa, tó sì máa ń fẹ́ tan ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yan nẹ́búlà. Ẹ pa á. Ìyẹn nìkan ni ohun tó yẹ kí ẹ mójú tó.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà pàtàkì, tàbí kí n yọ fíltà inú kámẹ́rà mi?

Rárá. Kámẹ́rà tí wọ́n ń tà fún gbogbo èèyàn ní fíltà kan níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń dí ọ̀pọ̀ lára ìmọ́lẹ̀ pupa háídrójìn, tó wà ní 656.3 nm (nm ni òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ohun tó ń pinnu àwọ̀ rẹ̀). Nítorí náà ni àwọn tó ń ya nẹ́búlà pupa ṣe máa ń ní kí wọ́n yọ ọ́. Nẹ́búlà tiwa kò gbára lé ìmọ́lẹ̀ yẹn. Búlúù ń gba inú fíltà náà kọjá wẹ́rẹ́. Kámẹ́rà tí ẹ fi ń ya ọmọ yín níbi ayẹyẹ tó láti bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀run, tó lè mú ara rẹ̀ tutù, dára jù bẹ́ẹ̀ lọ torí kì í fi hóró-hóró (àmì wínníwínní tí kì í ṣe ara ohun tí a yà) púpọ̀ sínú fọ́tò. Èyí tí kò ní fíltà kankan níwájú nílò èyí tó ń gé ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, ìyẹn UV àti IR, bí ẹ bá ń lo awò onílẹ́ńsì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ á wú.

Iná ìlú pọ̀ níbi tí mo wà. Fíltà wo ni kí n rà?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà sì ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́. Kò sí fíltà tó lè gbà yín.

Ìdí rèé. Nẹ́búlà pupa ń tàn ní ìlà díẹ̀ tó há, ti háídrójìn ní 656.3 nm àti ti ọ́síjìn ní 500.7 nm. Ẹ lè fi fíltà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 7 nm lọ gba ìlà yẹn nìkan, kí ẹ sì ju ìyókù nù, tó fi mọ́ iná ìlú. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí eruku ń gbé yọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tàn ká gbogbo àwọ̀ láti nǹkan bí 400 títí dé 700 nm. Tí ẹ bá fi fíltà 7 nm bò ó, ohun tó ku kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nẹ́búlà náà ni ẹ jù nù.

Àwọn fíltà tó ń gé ìmọ́lẹ̀ sódíọ̀mù, tó wà ní nǹkan bí 589 nm, ṣe àǹfààní díẹ̀ nígbà tí iná títì ṣì jẹ́ ti sódíọ̀mù. LED ti ń gba ipò rẹ̀. LED funfun ń tàn ní gbogbo àwọ̀, ó sì lágbára ní nǹkan bí 450 nm, àárín búlúù tí à ń wá gan-an. Ẹ kò lè gé e láìgé nẹ́búlà mọ́ ọn.

Ohun tó kù ni kí ẹ gbé awò lọ síbi tó ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ojú ọ̀run ìlú jẹ́ 18 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, tí ti ibi tó ṣókùnkùn sì jẹ́ 21; bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni òkùnkùn ṣe pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ mẹ́ta yẹn túmọ̀ sí pé ojú ọ̀run ìlú mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 16. Kí eruku lè hàn kedere bákan náà, àkókò tí ẹ máa fi yà á gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 16. Wákàtí méjì níbi òkùnkùn, wákàtí 32 nílùú. Mo ti wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta nítorí alẹ́ kan ṣoṣo, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Bí kò bá sí ọ̀nà láti rìnrìn àjò, ẹ ya àárín Ìràwọ̀ Méje, M78 tàbí àárín Iris, kí ẹ sì gbà pé eruku ẹ̀gbẹ́ wọn kò ní jáde.

Òṣùpá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni òṣùpá ń gbé yọ, afẹ́fẹ́ wa sì ń fọ́n apá búlúù rẹ̀ ká ju ìyókù lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bá nẹ́búlà jà. Ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá tuntun bá bọ́ sí ni tiwa.

Ẹ tún máa ya nǹkan nígbà tó bá ga sókè. Tí nẹ́búlà bá wà ní dígírì 30 péré sórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó máa gbà tó bá wà lókè orí gan-an, búlúù ló sì ń pàdánù jù.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń tẹnu mọ́ mount?

Torí pé ayé ń yí. Mount ni ohun tó gbé awò dúró tó sì ń yí i tẹ̀ lé ìràwọ̀. Ojú ọ̀run ń sún ní arcsecond 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (arcsecond 3,600 ló wà nínú dígírì kan). Ẹ fi 206.265 lọ́po fífẹ̀ píksẹ́lì yín ní máíkírọ̀mítà, kí ẹ pín in pẹ̀lú focal length ní mílímítà: iye arcsecond tó wà nínú píksẹ́lì kan nìyẹn. Fún píksẹ́lì 3.76 àti awò 400 mm, 1.94 ni. Tí mount kò bá yí, Ìràwọ̀ Méje á ti fò kọjá píksẹ́lì bíi méje kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ẹ kọjú òpó mount sí ibi tí ọ̀run ti ń yí po. Ní àríwá, Polaris wà nítòsí ibẹ̀, kò jìn tó dígírì kan. Ní gúúsù, Sigma Octantis ni, ojú lásán kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí i, torí náà kọ̀ǹpútà máa ń ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, awò kékeré kejì pẹ̀lú kámẹ́rà tirẹ̀ á máa ṣọ́ ìràwọ̀ kan, sọ́fítíwíà bíi PHD2 á sì máa tún ìrìn mount ṣe. Tí owó yín kò bá tó fún gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ná èyí tó pọ̀ jù lórí mount. Awò kékeré lórí mount tó dúró dáadáa sàn ju awò ńlá tó ń gbọ̀n lọ.

Ìṣẹ́jú mélòó ni fọ́tò kan? Mélòó ni mo máa yà?

Láti ìṣẹ́jú kan nínú ìlú dé ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún níbi tó ṣókùnkùn, pẹ̀lú ISO 800 sí 1600 fún kámẹ́rà lásán. Ẹ yẹ histogram wò, ìyẹn àwòrán tí kámẹ́rà fi ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pín: òkìtì tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lára ògiri òsì pátápátá, kó má sì tíì dé àárín. Ẹ wá máa yà á lọ. Fọ́tò kéékèèké yìí ni ẹ máa kó jọ sórí ara wọn. Hóró-hóró kò ní kúrò bí ẹ ṣe rò: kó tó lè dín sí ìdajì, iye fọ́tò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí wákàtí kan kò bá tó, wákàtí mẹ́rin ló kàn, kì í ṣe méjì. Èmi kì í fún nẹ́búlà agbémọ́lẹ̀yọ ní ohun tó dín sí wákàtí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí mount máa sún awò díẹ̀, píksẹ́lì mélòó kan, láàárín fọ́tò sí fọ́tò. Àbùkù sẹ́ńsọ̀ kò ní bọ́ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì pòórá nígbà tí ẹ bá kó wọn jọ. Fún Ìràwọ̀ Méje, ẹ fi ogún fọ́tò tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kún un, kí àárín àwọn ìràwọ̀ ńlá náà má bàa jóná di funfun.

Ṣé flat àti dark pọn dandan?

Dark ni fọ́tò tí ẹ yà pẹ̀lú ìdérí lójú awò, fún iye ìṣẹ́jú kan náà àti ní ìgbóná kan náà bíi ti fọ́tò nẹ́búlà. Flat ni fọ́tò ohun funfun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, bí aṣọ funfun tí ẹ ta bo ojú awò lábẹ́ ojú ọ̀run ìdájí. Ẹni tó ń ya àgbájọ ìràwọ̀ lásán lè fo flat. Tiwa kò ṣeé fò. Eruku tí ẹ fẹ́ fà jáde fi díẹ̀ péré mọ́lẹ̀ ju ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, igun fọ́tò sì máa ń ṣókùnkùn ju àárín lọ ju iye yẹn lọ dáadáa. Láìsí flat, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ nẹ́búlà àti èyí tó jẹ́ òjìji awò yín. Ẹ yà á kí ẹ tó tú kámẹ́rà kúrò, kí ẹ má sì fọwọ́ kan fókọ́ọ̀sì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo yà kì í ṣe ìrì?

Wilhelm Tempel, tó kọ́kọ́ rí nẹ́búlà Merope ní Venice ní 1859, fi í wé àbàwọ́n èémí lójú dígí. Àfiwé yẹn péye ju bí ó ti rò lọ, torí ìrì lójú awò máa ń ṣe nẹ́búlà èké tó jọ ti òótọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní alẹ́ kan, Ìràwọ̀ Méje jáde nínú fọ́tò mi pẹ̀lú búlúù tó rọ̀, tó pọ̀, tó sì yí gbogbo wọn ká. Inú mi dùn débi pé n kò sùn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé ìràwọ̀ kan tó wà ní igun fọ́tò, tí kò bá wọn tan rárá, ní òrùka búlúù kan náà. Ìrì ni. Mo pa gbogbo iṣẹ́ alẹ́ yẹn rẹ́, ó sì dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ nìyí. Èké máa ń rí roboto, á sì bá gbogbo ìràwọ̀ ńlá bákan náà. Òótọ́ kò dọ́gba: ti Merope gùn lọ sí gúúsù ìràwọ̀ náà, ó ní ìlà, ó ní ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́. Tí Ìràwọ̀ Méje yín bá ní òrùka méje tó jọra, ẹ nu ojú awò. Ẹ fi bẹ́líìtì agbóná sí ọrùn awò kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìrì ti sẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì pupa yẹ ojú awò wò ní wákàtí wákàtí, láàárín fọ́tò kan sí òmíràn.

Lẹ́yìn tí mo ti kó wọn jọ, kí ni mo máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà?

Siril, sọ́fítíwíà tí kò gba owó, tó láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ìmọ́lẹ̀ iná ìlú tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò. Sọ́fítíwíà kò mọ iná ìlú yàtọ̀ sí eruku. Ohun tó bá tẹ́jú, tó sì rọ̀ ni yóò gbé mì. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yan ibi tí ẹ ti mọ̀ dájú pé òfìfo ni, kí ibẹ̀ má sì pọ̀. Ẹ fi fọ́tò ibì kan náà tí ẹlòmíràn yà láti ibi òkùnkùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ lè mọ ibi tí eruku wà. Yíyọ tó rọrùn jù, tó tẹ̀ lé ìlà gbọọrọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Kí ẹ tó fa ìmọ́lẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí Siril fi àwọ̀ àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ti wọ̀n sínú Gaia, ìyẹn àkójọ ìràwọ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú kan wọ̀n, tún àwọ̀ fọ́tò ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kàkà kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan. Sọ́fítíwíà StarNet lè ya ìràwọ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ lórí eruku nìkan. Ẹ rí i dájú pé kò jẹ lára nẹ́búlà tó sún mọ́ ìràwọ̀ ńlá, torí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ìràwọ̀ Méje.

Ẹ ṣọ́ra fún búlúù. Ó máa ń wuni láti pọ̀ ọ́ sí i títí á fi dà bí ọ̀dà. Búlúù nẹ́búlà rọ̀, funfun wà nínú rẹ̀, ó sì ń yí padà bó ṣe ń jìnnà sí ìràwọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ nẹ́búlà mi jáde ní àwọ̀ ilẹ̀. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Ẹ kò bà á jẹ́, ẹ kú oríire. Eruku tó jìnnà sí ìràwọ̀ tàbí tó nípọn máa ń gba búlúù mọ́ra, pupa díẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ kó kọjá. Yíká Iris àti M78, àwọ̀ ilẹ̀ yẹn jẹ́ àmì pé fọ́tò yín wọlé dáadáa.

Ǹjẹ́ fọ́tò mi lè wúlò fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1885, nígbà tí yíya fọ́tò ojú ọ̀run ṣì kéré, Paul àti Prosper Henry fi fọ́tò rí nẹ́búlà Maia ní Paris, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú rí. Ní January 2004, Jay McNeil, tó ń ya ojú ọ̀run torí ìfẹ́, gbé awò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 76 mm sí agbègbè M78. Ó rí nẹ́búlà kékeré kan tí kò sí nínú àwòrán tó fi wé e. Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kan, V1647 Orionis, ló ṣàdédé mọ́lẹ̀ tó sì tanná sí eruku tó wà níwájú rẹ̀. Àwòrán àtijọ́ kan láti 1966 fi hàn pé ó ti hàn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣókùnkùn padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún tàn ní 2008.

Nẹ́búlà NGC 2261, tí ìràwọ̀ R Monocerotis ń tanná sí, ń yí ìrísí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí eruku tó ń kọjá nítòsí ìràwọ̀ náà ń ju òjìji sára nẹ́búlà. Hubble sọ ọ̀rọ̀ yẹn fáyé gbọ́ ní 1916, òun náà sì ni awò 200 ínǹṣì ti Palomar kọ́kọ́ yà ní 1949. Awò kékeré lè bá a. Tí ẹ bá ń yà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú awò kan náà àti ìṣẹ́jú kan náà, ẹ óò rí òjìji náà tó ń rìn. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò ìpìlẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ti tún ṣe nìkan.